Àrá Ń Dúró De Físà

"Àǹtí, ṣé ó ti dún?"

Bí ọkọ àbúrò mi ṣe máa ń kí mi nìyẹn. Kò sí ẹ káàárọ̀, kò sí ẹ kú iṣẹ́. Á kàn yọ orí sí ọ́fíìsì mi, eruku òkúta á ti bo ojú rẹ̀ títí dé ìpéǹpéjú, á ní, "Ṣé ó ti dún?"

"Kò dún."

"Ẹ bá mi wò ó dáadáa."

"Mo wò ó. Bí ojú bá ń jẹ fóònù ni, ojú mi ì bá ti jẹ tìẹ tán."

Ibi ìfọ́kúta ni a ti ń ṣiṣẹ́, lẹ́yìn ìlú, níbi tí àwọn típà ti ń kó òkúta fún àwọn tó ń ṣe títì àti àwọn tó ń kọ́lé. Èmi ni akọ̀wé. Èmi ni mò ń gbé fóònù ọ́fíìsì, èmi ni mò ń tẹ fèrè ìkìlọ̀, èmi náà ni mò ń tọ́jú fóònù àwọn òṣìṣẹ́ sínú dúrọ́ọ̀ mi, torí fóònù kankan ò gbọdọ̀ dé ibi tí wọ́n bá ti ń ki ẹ̀tù. Wọ́n ní agbára inú fóònù lè ṣèèṣì tan ẹ̀tù. Ọkọ àbúrò mi gan-an ló sì ń ki ẹ̀tù náà sínú òkúta. Ìdí nìyẹn tí gbogbo wa fi ń pè é ní Àrá. Ọ̀gá wa pàápàá ò rántí pé ó ní orúkọ mìíràn mọ́.

Àbúrò mi, Adúmáadán, nọ́ọ̀sì ni lókè òkun. Ó ti fi orúkọ ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ kó lè wá bá a gbé. Ó wá lo ìsinmi nílé, ìgbà tó sì máa fi padà, ó ti di abara méjì. Láti ìgbà náà, ohun kan ṣoṣo ni Àrá ń fẹ́ láyé: kóun wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ọmọ òun bá máa kọ́kọ́ ké.

Wọ́n pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní ọ́fíìsì físà. A kí i kú oríire kó tó lọ. Ìgbà tó dé, n ò mọ èyí tí mo lè kí i mọ́.

"Wọ́n ní ìwé mi pé," ó ní. "Wọ́n ní kò sí èyí tó kù. Wọ́n wá ní àwọn ṣì máa yẹ̀ mí wò sí i."

"Yẹ̀ ọ́ wò báwo? Ṣé aṣọ ni ọ́?"

"Wọ́n bi mí pé iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe. Mo ní mo máa ń fi ẹ̀tù fọ́ òkúta. Obìnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì gbójú sókè, ó wò mí, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ nǹkan sínú kọ̀ǹpútà. Àǹtí, ó tẹ̀ ẹ́ pẹ́."

Wọ́n fún un ní ìwé pélébé kan tí wọ́n kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí, kó máa fi wo bí ọ̀rọ̀ bá ṣe ń lọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n tún ní kó lọ kún fọ́ọ̀mù mìíràn sí i. Gbogbo ibi tó ti gbé rí, gbogbo iṣẹ́ tó ti ṣe rí, gbogbo ìrìn àjò, gbogbo nọ́ńbà fóònù, gbogbo ọmọ ìyá. Orí tábìlì mi ló ti kún un. Ó dé ibi kan, ó dá bírò dúró.

"Wọ́n ní kí n kọ orúkọ mìíràn tí àwọn èèyàn ń pè mí. Ṣé kí n kọ Àrá?"

"Ṣé wọ́n ń pè ọ́ bẹ́ẹ̀ àbí wọn kì í pè ọ́ bẹ́ẹ̀?"

Ó kọ ọ́. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ọkùnrin tó ń kọ̀wé sí àwọn tó ń ṣọ́ ẹnubodè pé orúkọ òun ni Àrá, iṣẹ́ òun sì ni ẹ̀tù.

Ẹ̀gbọ́n Àrá ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Mẹkáníìkì ni bọ̀ọ̀dá yìí, àkọ́bí ìyá wọn, ọwọ́ rẹ̀ yá ju ẹnu rẹ̀ lọ, ẹnu rẹ̀ náà kì í sinmi. "Orí ẹ pé ṣá?" ló bi àbúrò rẹ̀. "O ò lè sọ pé o ń mọlé? Ta ló ń bi ọ́ ní Àrá?"

Bí ìdúró ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹni tí kò bá tíì dúró de ọ̀rọ̀ físà rí ò lè mọ̀ ọ́n. Àrá ti di ẹrù rẹ̀ sínú àpótí. Ó ti fi bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ta alábàágbélé rẹ̀ lọ́rẹ, orí ilẹ̀ ló ń sùn. Bó bá fẹ́ wọ ìbọ̀sẹ̀, á tú àpótí, á mú un, á tún àpótí dì padà. Ó ti kọ̀wé pé òun ń fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó ní kí n gbé e fún ọ̀gá. Mo ní, "Jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá ọ tọ́jú ẹ̀." Mo tì í sábẹ́ àwọn fóònù nínú dúrọ́ọ̀.

Á wo íńtánẹ́ẹ̀tì kó tó lọ gba ẹ̀tù lọ́wọ́ ọ̀gá, á wò ó tó bá bọ̀ wá mu omi, á wò ó tó bá ń lọ sílé. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń bá níbẹ̀: a ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò. N ò jẹ́ purọ́, èmi náà a máa yọ́ ọ wò tó bá ti kúrò níbẹ̀. Ara èmi náà ò balẹ̀. Adúmáadán a máa pè, á ní, "Àǹtí mi, ikùn mi ti ń ṣíwájú mi wọlé báyìí o. Ọkọ mi dà?"

Ọjọ́ kan, bọ̀ọ̀dá ní kí àwa méjèèjì wá sí ṣọ́ọ̀bù òun. A bá ọkùnrin kan níbẹ̀ tó jókòó sórí táyà, tó tẹ́ áńkáṣífù sábẹ́ ìdí kí ṣòkòtò rẹ̀ má bàa dọ̀tí. Fóònù méjì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló ni ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ya fọ́tò páásípọ́ọ̀tù lẹ́bàá títì, wọ́n ń pè é ní Aṣílẹ̀kùn.

"Ìwọ lo fẹnu ara ẹ ti ilẹ̀kùn," ó sọ fún Àrá. "Ẹ̀tù kẹ̀? O fẹ́ wọ ilé onílé, o wá ń dárúkọ ẹ̀tù?"

"Iṣẹ́ mi ni, sà."

"Ó ti ń di iṣẹ́ ẹ àtijọ́ báyìí. Mo máa gba lẹ́tà fún ọ lọ́wọ́ àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù, pé ọ̀dọ̀ wọn lo ti ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ yìí. A máa kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó bá ọ kún fọ́ọ̀mù ló ṣi iṣẹ́ ẹ kọ. Ìwọ á fọwọ́ sí i. Mo ní ẹnì kan nínú ibẹ̀ tó máa bá wa fi sókè. Kí oyún yẹn tó sọ̀, o ti dé ọ̀dọ̀ ìyàwó ẹ."

Ó wá kọjú sí mi. "Ẹ̀yin náà, Àǹtí, tí wọ́n bá pe ọ́fíìsì yín, ẹ kàn sọ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n."

"Kí n sọ pé n ò mọ ọkọ àbúrò mi?"

"Fún ire ẹ̀ ni."

"Ire wo ló ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kí ẹbí má mọ ẹbí?"

Bọ̀ọ̀dá ní kí n gbé ẹnu mi dákẹ́ ná, pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni. Mo wo Àrá. Ilẹ̀ ló ń wò. Nígbà tí Aṣílẹ̀kùn nawọ́ pé kó mú páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ wá kóun fi ṣe ẹ̀dà, ó yọ ọ́ nínú àpò, ó fún un. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sọ tá a fi kúrò níbẹ̀: "Àǹtí, tí mo bá ṣáà ti lè wà níbẹ̀ kí ọmọ tó dé."

Lọ́jọ́ kejì, mo fà á lọ sọ́dọ̀ lọ́yà tó bá àbúrò mi ṣe ìwé tirẹ̀. Obìnrin ni, ọ̀rọ̀ ìwé ìrìnnà nìkan ló ń ṣe, yàrá rẹ̀ kéré, fáànù rẹ̀ ń ké bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Àrá jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n títí omi inú ife tó wà lórí tábìlì fi ń gbọ̀n.

"Ṣé wọ́n ti kọ̀ ọ́?" lọ́yà bi í.

"Rárá, mà."

"Ṣé wọ́n ní o purọ́?"

"Rárá, mà. Wọ́n ní àwọn máa yẹ̀ mí wò sí i."

"Ìyẹn ò túmọ̀ sí pé wọ́n kọ̀ ọ́. Iṣẹ́ ẹ̀tù lò ń ṣe. Ìlú wo ló máa gbọ́ ìyẹn tí ò ní bèèrè ọ̀rọ̀? Èmi gan-an, tó o bá wá gba yàrá nílé mi, màá bèèrè."

Mo rẹ́rìn-ín. Àrá ò rẹ́rìn-ín.

"Ó máa pẹ́ tó báwo, mà?"

"N ò mọ̀. Ẹni tó bá ní òun mọ̀, ń tàn ọ́ ni. Ti ẹlòmíràn a máa gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ti ẹlòmíràn a máa kọjá ọdún. Tí àkókò tí wọ́n kọ sínú ìwé tí wọ́n fún ọ bá ti kọjá, a lè kọ̀wé, ká fi pẹ̀lẹ́tù bi wọ́n níbi tí ọ̀rọ̀ dé. Tí ohun kánjúkánjú bá wà, bí irú ọmọ tó ń bọ̀ yìí, a lè sọ fún wọn kí wọ́n gbé e yẹ̀ wò. Wọ́n lè gbà, wọ́n lè má gbà."

"Ẹnì kan ní òun mọ ẹnì kan níbẹ̀."

Lọ́yà yọ gíláàsì ojú rẹ̀. "Gbọ́ mi. Àwọn tó ń yẹ ọ̀rọ̀ ẹ wò ò sí lẹ́yìn gíláàsì tó o dúró sí yẹn. Ọ́fíìsì mìíràn ni, lọ́nà jíjìn. Ẹni tó bá ọ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an, òun náà ń retí èsì ni. Ta ni ẹni yẹn wá fẹ́ bẹ̀?"

Àrá di ife omi náà mú.

"Tí ìwé irọ́ kan ṣoṣo bá wọ inú fáìlì ẹ, ọ̀rọ̀ á kúrò ní 'a ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò'. Á di 'ọkùnrin yìí purọ́ fún wa'. Èyí tó pẹ́, ó ṣì ń bọ̀. Èyí tí wọ́n bá fi irọ́ bà jẹ́, ó lè jẹ́ pé títí ayé lo ò ní dé ọ̀dọ̀ ìyàwó ẹ mọ́. Má fi iṣẹ́ sílẹ̀. Má ra tíkẹ́ẹ̀tì. Lọ gba bẹ́ẹ̀dì ẹ padà, jọ̀ọ́, Àǹtí ẹ ti sọ fún mi. Tó o bá kó kúrò nílé, tó o bá pààrọ̀ nọ́ńbà, tí ọmọ bá dé, kọ̀wé sí wọn. Máa wo ímeèlì ẹ, títí kan ibi tí àwọn lẹ́tà tí kò wúlò máa ń rọ́ sí. Kó o sì mọ ọjọ́ tí páásípọ́ọ̀tù ẹ máa kú." Ó nawọ́ sí i. "Páásípọ́ọ̀tù ẹ náà dà?"

Àrá wojú mi. Èmi ni mo dáhùn. "Ó wà lọ́wọ́ Aṣílẹ̀kùn, mà."

Lọ́yà ò bínú. Ó kàn ní, "Ẹ lọ gbà á."

Ẹ lè rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀. Kò parí. Bá a ṣe ń sọ̀kalẹ̀ látọ̀dọ̀ lọ́yà, Àrá ní, "Òótọ́ ni gbogbo ohun tí wọ́n sọ, Àǹtí. Ṣùgbọ́n oyún ò ní dúró de òótọ́." Ó ti bá Aṣílẹ̀kùn àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe àdéhùn pé tóun bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, òun máa wá fọwọ́ sí lẹ́tà náà. N ò rí oorun sùn.

Lọ́jọ́ kejì ọ̀hún, a fẹ́ fọ́ òkúta. Bá a ṣe ń ṣe é rèé: mo máa kọ́kọ́ tẹ fèrè kí gbogbo èèyàn kúrò nídìí òkúta, mo máa tẹ ẹlẹ́ẹ̀kejì, Àrá á tan ẹ̀tù, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ padà síbẹ̀ àfi tí mo bá tẹ ẹlẹ́ẹ̀kẹta, n ò sì gbọdọ̀ tẹ ẹlẹ́ẹ̀kẹta àfi tí Àrá bá sọ àsíá pupa tó ta sókè kalẹ̀. Òun nìkan ló lè sọ ọ́ kalẹ̀. Ó máa ń ka àwọn ihò tó ki ẹ̀tù sí, bóyá gbogbo wọn ló dún.

Lọ́jọ́ yẹn, wọ́n dún tán, àsíá pupa ò sọ̀ kalẹ̀. Mo rí Àrá tó ń rìn bọ̀ ní ọ́fíìsì.

"Ọ̀kan kọ̀," ó ní. "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lọ síbẹ̀."

Ìdúró bẹ̀rẹ̀. Àwọn típà tò síta, àwọn awakọ̀ ń kùn. Ọ̀gá pe fóònù ọ́fíìsì, ó ní kí ló ń ṣẹlẹ̀, àwọn tó ni títì ń retí òkúta. Inú dúrọ́ọ̀ mi náà ò gbélẹ̀ o: Aṣílẹ̀kùn ń pe Àrá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń pè é, Aṣílẹ̀kùn tún ń pè é. Dúrọ́ọ̀ ń gbọ̀n bíi pé eku wà nínú ẹ̀.

Awakọ̀ kan wọlé. "Àrá, lọ bá wa wò ó fìrí. Ó lè jẹ́ wáyà lásán ló já."

"Ó lè jẹ́ wáyà. Ó tún lè má jẹ́ wáyà."

"A máa wá jókòó síbí títí di ìgbà wo?"

"Títí àkókò rẹ̀ á fi pé." Àrá ò gbóhùn sókè. Ó jókòó sórí àga, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì dúró sójú kan. Mo ṣàkíyèsí ìyẹn. "Ẹ̀tù tó kọ̀ kì í ṣe ẹ̀tù tó kú. A ò mọ ìdí tó fi kọ̀. Ohun tá ò bá mọ ìdí rẹ̀, a kì í tọ́ ọ. Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ní ọ̀rẹ́ kan tó lọ wò ó fìrí. Ọwọ́ òsì ló fi ń jẹun báyìí, kì í ṣe pé ó wù ú."

Awakọ̀ kùn jáde. Dúrọ́ọ̀ tún gbọ̀n. Ó ti sú mi. Mo fà á ṣí, mo mú fóònù Àrá jáde, mo gbé e kalẹ̀ síwájú rẹ̀, orúkọ Aṣílẹ̀kùn ń tàn lójú rẹ̀.

"Ta lò ń bá wí látàárọ̀?" mo ní. "Ṣé awakọ̀ ni, àbí ara ẹ?"

Ó na ọwọ́ sí i. Ó fa ọwọ́ padà. Ó ń wò ó títí tó fi dákẹ́.

"Àǹtí," ó ní, "físà yìí náà, n ò mọ ìdí tó fi ń pẹ́."

"O ò mọ̀ ọ́n."

"Mo wá fẹ́ lọ tọ́ ọ."

Nígbà tí àkókò pé, òun àti igbákejì rẹ̀ lọ tún ihò náà ṣe. Àsíá pupa sọ̀ kalẹ̀, mo tẹ fèrè ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Bá a ṣe ṣíwọ́, àwa méjèèjì forí lé ṣọ́ọ̀bù Aṣílẹ̀kùn.

Lẹ́tà ti wà lórí tábìlì. Bọ̀ọ̀dá ti ń dúró. "Ibí ni kó o fọwọ́ sí," Aṣílẹ̀kùn wí.

"Páásípọ́ọ̀tù mi, sà."

"Kọ́kọ́ fọwọ́ sí i."

"N ò fọwọ́ sí i mọ́. Ẹ fún mi ní páásípọ́ọ̀tù mi."

Aṣílẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ wàhálà tóun ti ṣe, àwọn tóun ti rí, bí ojú ṣe máa ti òun. Mo fa àga kan, mo gbé e sẹ́nu ọ̀nà, mo jókòó lé e. Àwọn oníbàárà tó fẹ́ ya fọ́tò wà níbẹ̀. "Ẹ má kánjú," mo sọ fún wọn, "n ò kánjú èmi náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan fún yín nípa páásípọ́ọ̀tù ọkọ àbúrò mi." N ò tíì dé ìlàjì ìtàn tí páásípọ́ọ̀tù fi jáde.

Bọ̀ọ̀dá ló bá wa jáde síta. Ojú rẹ̀ pọ́n. "Tí ọmọ bá dé tí o ò sí níbẹ̀," ó sọ fún àbúrò rẹ̀, "má sọ pé n ò gbìyànjú fún ọ."

"Bọ̀ọ̀dá, mo mọ̀ pé ẹ gbìyànjú," Àrá dáhùn.

Ọ̀rọ̀ bọ̀ọ̀dá sì ṣẹ. N ò ní fi pa mọ́ fún yín.

A ti tẹ fèrè kìíní lọ́jọ́ tí dúrọ́ọ̀ mi gbọ̀n, tí mo rí nọ́ńbà àbúrò mi lójú fóònù Àrá. Mo gbé e. Ẹkún ọmọ ni mo kọ́kọ́ gbọ́, ẹkún tó mú, tó ń bínú. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn àbúrò mi tó ti rẹ̀ ẹ́: "Àǹtí mi, obìnrin ni."

Bàbá rẹ̀ wà lókè lọ́hùn-ún nídìí ẹ̀tù. N ò lè pè é. Mo tẹ fèrè kejì, òkúta bú, mo ń wo àsíá pupa, omi ń dà lójú mi. Ìgbà tó sọ ọ́ kalẹ̀, mo tẹ fèrè kẹta, n ò gbé ọwọ́ kúrò lórí ẹ̀. Gbogbo ibi iṣẹ́ rò pé orí mi ti dàrú. Àrá sáré wá, mo gbé fóònù sí i létí. Ó tẹ́tí, ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú àṣíborí lórí, ó sunkún.

"N ò sí níbẹ̀," ó ń sọ. "N ò sí níbẹ̀, Àǹtí."

Mo jókòó tì í.

Ó kọ̀wé sí ọ́fíìsì físà pé òun ti di bàbá, bí lọ́yà ṣe ní kó ṣe. A tún ń dúró. Ó ti gba bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ padà, ó ń sùn dáadáa díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà.

Ọjọ́ kan wá dé tí fóònù dún, kì í ṣe ti inú dúrọ́ọ̀ o, ti ọ́fíìsì gan-an. Ohùn kan tó mọ́ dárúkọ Àrá, orúkọ rẹ̀ inú ìwé, ó ní ọ́fíìsì físà lòun ti ń pè.

"Ṣé ẹni yìí ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ yín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?"

"Ó ń fi ẹ̀tù fọ́ òkúta."

"Ta ló ń tọ́jú ẹ̀tù náà?"

"Ó wà nínú yàrá tá a tì. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀gá. Kò sẹ́ni tó ń dá mú un jáde."

"Ṣé ó ní orúkọ mìíràn tí ẹ ń pè é?"

"Àrá. Àrá là ń pè é."

"Kí nìdí?"

"Ṣé ẹ ti dúró níbi tí òkúta ti ń bú rí?"

Ẹni náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Bí òun náà ṣe kọ ọ́ síbí nìyẹn," ó ní, ó sì dúpẹ́.

Mo gbé fóònù kalẹ̀. Ẹ rò ó wò ná. Ká ní lẹ́tà àwọn amọ-búlọ́ọ̀kù yẹn ti wà níwájú ẹni náà. Ká ní mo ní n ò mọ̀ ọ́n.

Ó pẹ́ díẹ̀ sí i, ímeèlì wá, ó sì lọ rọ́ sáàárín àwọn lẹ́tà tí kò wúlò. Àrá rí i torí pé ó ti ń wo ibẹ̀. Wọ́n ní kó mú lẹ́tà ọ̀gá rẹ̀ wá, kó sì tún àyẹ̀wò dókítà ṣe torí pé ti tẹ́lẹ̀ ti kú. Ó ṣe é, kò kùn. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ní kó mú páásípọ́ọ̀tù wá kí wọ́n lè lẹ físà mọ́ ọn. Bọ̀ọ̀dá ló fi mọ́tò ara rẹ̀ gbé e lọ gbà á, òun náà ló gbé àpótí rẹ̀ lọ́jọ́ tó ń lọ, kò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni ràn án lọ́wọ́. Èmi wá yọ ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ yẹn lábẹ́ àwọn fóònù, mo gbé e fún ọ̀gá.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́nu ìdúró bí Àrá ṣe wà níbẹ̀, ẹ gbọ́ tèmi. Tí wọ́n bá ní àwọn máa yẹ̀ yín wò sí i, wọn ò tíì kọ̀ yín. Ẹ sọ òótọ́ nípa iṣẹ́ yín, ẹ sọ gbogbo orúkọ yín, kódà tí orúkọ náà bá lè pa akọ̀wé lẹ́rìn-ín. Páásípọ́ọ̀tù yín ò gbọdọ̀ sùn sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó ní òun mọ ẹnì kan. Ẹ má fi iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ má fi bẹ́ẹ̀dì tọrẹ, ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì, títí físà á fi wà lọ́wọ́ yín. Ẹ máa wo ímeèlì. Tí ohunkóhun bá yí padà nínú ìdílé, ẹ sọ fún wọn. Tí àkókò tí wọ́n dá bá kọjá, ẹ kọ̀wé bi wọ́n léèrè, ẹ wá lọ́yà tó ní ìwé àṣẹ tí ọ̀rọ̀ bá ta kókó. N ò ní parọ́ fún yín pé ìdúró ò dunni. Ó gba ohun kan lọ́wọ́ Àrá tí kò lè rí gbà mọ́. Ṣùgbọ́n ìkánjú ì bá gba gbogbo rẹ̀.

Àbúrò mi ló sọ ìyókù fún mi. Ìgbà tí Àrá wọlé, ọmọ ti ń rá. Ó rí ọkùnrin gàgàrà tí kò mọ̀ rí, ó fi orí pa mọ́ sí ọrùn ìyá rẹ̀, ó figbe ta. Adúmáadán ní, "Gbà á, bàbá ẹ̀ ni ọ́." Ó ní Àrá mirí. Ó gbé àpò kalẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri, kò na ọwọ́.

"Gbé e sílẹ̀," ó ní. "Kó máa wò mí. Mo lè dúró."

Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ọmọ wò ó, ọmọ mójú kúrò, ọmọ tún wò ó. Nígbà tó yá, ó rá wá díẹ̀díẹ̀, ó di okùn bàtà bàbá rẹ̀ mú, ó fi sẹ́nu.

Ojú ẹsẹ̀ ni fóònù mi dún. Ohùn Àrá ni, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí nǹkan já bọ́ lára òun.

"Àǹtí," ó ní, "ẹ tẹ fèrè kẹta."